Pàṣípààrọ̀ àti Ìdoríkodò: Àtúnyẹ̀wò Èrò Kan lórí Ojú Odù Mẹ́rìndínlógún

A sábà máa ń gbọ́ ọ pé èjì-èjì ni Ojú Odù tò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ òdì ẹnìkejì rẹ̀. Nítorí náà, pé Ifá ti ní òfin pàṣípààrọ̀ tí jẹ́ọ́mẹ́tírì àti lọ́jíìkì òde òní ń lò. Ó yẹ kí a fi ìlà Odù gan-an wọn èrò yìí wò.

Bí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ bá jẹ́ àmì méjì lórí àwòrán ilẹ̀, ìlà títọ́ kan ṣoṣo ló lè so wọ́n. Fi 'ìlà' rọ́pò 'àmì', kí 'àmì' sì rọ́pò 'ìlà': ìlà méjì pàdé ní àmì kan ṣoṣo, bí ọ̀nà ti ń pàdé ní Ìtòìkín. Àwọn ìlà tí kì í pàdé, bí ojú irin rélùwéè, ńkọ́? Jẹ́ọ́mẹ́tírì yìí gbà pé wọ́n pàdé ní òpin ojú. Láìsí ìyẹn, pàṣípààrọ̀ náà kò lè dúró. Poncelet àti Gergonne, ará Faransé méjì, du ògo òfin yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní nǹkan bí ọdún 1826. Gergonne ló kọ òfin kọ̀ọ̀kan àti èkejì rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì ojú ìwé kan náà, ọgbọ́n tí ó dára fún ojú pátákó. Nínú lọ́jíìkì, De Morgan fi hàn pé 'àti' ń di 'tàbí' nínú ìyísódì: bí kì í bá ṣe òótọ́ pé òjò rọ̀ àti pé ọ̀nà dí, a jẹ́ pé òjò kò rọ̀ tàbí ọ̀nà kò dí.

Ẹ jẹ́ kí 1 dúró fún ìlà kan, kí 2 dúró fún ìlà méjì, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Òdì ara wọn ni Ogbè (1111) àti Ọ̀yẹ̀kú (2222) lóòótọ́; bẹ́ẹ̀ ni Ìwòrì (2112) àti Òdí (1221). Ṣùgbọ́n òdì Ọ̀bàrà (1222) ni 2111: Ọ̀sá nìyẹn, kì í ṣe Ọ̀kànràn tí òun àti Ọ̀bàrà jọ ń rìn. Ọ̀bàrà tí a dorí rẹ̀ kodò ni Ọ̀kànràn (2221). Bákan náà ni Ògúndá àti Ọ̀sá, Ìká àti Òtúúrúpọ̀n, Òtúrá àti Ìrẹtẹ̀. Ìrosùn àti Ọ̀wọ́nrín, Ọ̀ṣẹ́ àti Òfún, gba ọ̀nà méjèèjì. Ìdoríkodò, nígbà náà, ni ìlànà. Odù mẹ́rin àkọ́kọ́, tí ìdoríkodò kò yí padà, nìkan ló nílò òdì.

Àléébù kejì wúwo jù ú lọ. Nínú òfin pàṣípààrọ̀, bí gbólóhùn kan bá jẹ́ òótọ́, èkejì rẹ̀ di òótọ́ láìsí ẹ̀rí tuntun. Babaláwo kì í yí ẹsẹ Ogbè padà kí ó tó ní ẹsẹ Ọ̀yẹ̀kú. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń kọ́ wọn. Ìlà ni àfiwé náà kan, kò kan ẹsẹ. Ní ti àmúlù Odù 240, pàṣípààrọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀, ti ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, gẹ́gẹ́ bí Ogbè-Yẹ̀kú ti yàtọ̀ sí Ọ̀yẹ̀kú-Logbè.