Ìtàkùrọ̀sọ Ojoojúmọ́ gẹ́gẹ́ bí Ọgbọ́n Ìsọ̀tàn nínú Ìwé Ìtàn Àròsọ Méjì tí José Rizal Kọ nípa Fílípìnì

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Àwọn Yorùbá kò ka ọ̀rọ̀ ẹnu sí ohun yẹpẹrẹ rárá. Ohun tí àwọn ènìyàn ń bá ara wọn sọ nídìí oúnjẹ, nínú ọkọ̀ àti ní ìta gbangba a máa tú àṣírí ìlú ju àkọsílẹ̀ ìjọba lọ nígbà mìíràn. Ọgbọ́n yìí ni José Rizal, òǹkọ̀wé ọmọ Fílípìnì, lò nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ méjèèjì, Noli me tángere àti El filibusterismo. Bí a bá yọ ìtàkùrọ̀sọ kúrò nínú wọn, egungun ìtàn nìkan ni yóò ṣẹ́ kù. Láti ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń wọkọ̀, tí wọ́n ń ṣèpàdé, tí wọ́n sì ń ṣòfófó ni òǹkàwé ti ń gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ tó ń lọ nílùú, ìtàn àtijọ́, àṣà, ẹ̀sìn àti ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ yìí yẹ ìlò ìtàkùrọ̀sọ nínú ìwé méjèèjì wò. Kókó tí ó ń tẹnu mọ́ ni pé ìbéèrè mẹ́ta ni Rizal ń fi ìtàkùrọ̀sọ béèrè. Ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀? Èdè wo ni yóò fi sọ ọ́? Níbo ni ìpinnu ti ń wáyé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu? Ìbéèrè kejì ni ó le jù, nítorí pé àwọn ìwé náà fúnra wọn kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òǹkọ̀wé àti àwọn ìwé rẹ̀

Ìlú Calamba, ní agbègbè Laguna, ni wọ́n bí Rizal sí ní ọdún 1861. Sípéènì ni ó ń ṣàkóso Fílípìnì nígbà náà. Àkóso yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1565, kò sì dópin títí di ọdún 1898. Rizal kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì di oníṣègùn ojú. Ìlú Berlin ní Jámánì ni ó ti tẹ Noli me tángere jáde ní ọdún 1887, pẹ̀lú owó tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Maximo Viola, yá a. Ìlú Ghent ní Bẹ́ljíọ́mù ni El filibusterismo ti jáde ní ọdún 1891. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1896, ìjọba Sípéènì yìnbọn pa á ní Manila. Ẹni ọdún 35 ni nígbà náà. Ní ọdún 1956, òfin kan tí a mọ̀ sí Republic Act 1425 pàṣẹ pé kí àwọn ilé-ìwé Fílípìnì máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ayé Rizal àti nípa ìwé méjèèjì yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aṣáájú ìjọ Àgùdà tako òfin náà gidigidi.

Ní ṣókí, Noli me tángere sọ ìtàn Crisóstomo Ibarra, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó padà sílé lẹ́yìn ọdún méje ní Yúróòpù. Ó bá a pé bàbá òun ti kú sí ẹ̀wọ̀n, pé Fáàdá Damaso sì ti ní kí wọ́n hú òkú rẹ̀ kúrò ní itẹ́. Ibarra fẹ́ kọ́ ilé-ìwé fún ìlú San Diego, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá rẹ̀ gbé ìdìtẹ̀ irọ́ kalẹ̀, wọ́n sì fi bà á jẹ́. Nínú El filibusterismo, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá, Ibarra kan náà padà wá gẹ́gẹ́ bí Simoun, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye, láti dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀.

Ìdí oúnjẹ àti ìpàdé ìlú

Oúnjẹ alẹ́ ní ilé Capitan Tiago, ní Binondo ní Manila, ni ó ṣí Noli me tángere. Àwọn àlùfáà, sójà àti àwọn aláfẹ́ péjọ, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ onílẹ̀. Àlejò kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkèèrè dé fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni àwọn ènìyàn yìí ya ọ̀lẹ, tàbí àwíjàre àwọn amúnisìn ni. Fáàdá Damaso, tí ó ti lo ohun tí ó ju ogún ọdún lọ ní San Diego, dáhùn bí ẹni tí a kò gbọdọ̀ já ní koro. Ohun tí ó gba àfiyèsí jù ni ti ìjókòó. Nígbà tí gbogbo àlejò jókòó tán, kò sí àga fún Capitan Tiago tí ó ni ilé. Ọmọ onílẹ̀ ni, owó rẹ̀ ni wọ́n fi se oúnjẹ, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, síbẹ̀ òun ni ó wà lóròó. Rizal kò ṣàlàyé kankan. Ó fi àga tí kò sí dáhùn ìbéèrè nípa ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀.

Ibarra ní àga ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ó ń ròyìn àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti dé, tí ó sì ń fi hàn pé bí òmìnira bá ṣe pọ̀ tó ní ìlú ni ìdẹ̀ra rẹ̀ ń pọ̀ tó, Damaso já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì bú u pé ọmọ ilé-ìwé lásán pàápàá mọ ìyẹn. Inú ti ń bí àlùfáà náà tẹ́lẹ̀ nítorí pé ọrùn adìẹ àti apá tí kò lẹ́ran ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́ nínú ọbẹ̀ tinola, nígbà tí ibi tó dára jù bọ́ sọ́wọ́ Ibarra. Òǹkàwé lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti inú ìbínú kékeré bẹ́ẹ̀ ni ìparun ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpàdé ìlú San Diego lórí ayẹyẹ ọdún ẹni mímọ́ ìlú náà dáhùn ìbéèrè kẹta. Àwọn àgbà àti àwọn ọ̀dọ́ jiyàn títí, wọ́n fi ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí mú ara wọn, wọ́n sì fẹnu kò nígbẹ̀yìn sí ètò tí ìnáwó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni olórí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé àlùfáà ti pinnu ohun mìíràn. Ìpàdé náà túká. Wọ́n ti fún àwọn ará ìlú láyè láti sọ̀rọ̀ tó bí wọ́n ṣe fẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ wọn kò ti lè yí ohunkóhun padà.

Olùkọ́ San Diego àti kíláàsì Manila

Kò sí ibi tí ó kan olùkọ́ tó ibi tí olùkọ́ San Diego ti ń ro ẹjọ́ rẹ̀ fún Ibarra létí adágún omi. Abẹ́ ilé àlùfáà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, ni àwọn ọmọ ti ń kàwé. Wọ́n ń há ìwé Sípáníìṣì sórí láìmọ ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Olùkọ́ náà gbìyànjú láti pa pàṣán tì, ó sì fẹ́ kọ́ wọn ní èdè náà kí ó yé wọn. Nígbà tí ó kí Fáàdá Damaso ní èdè Sípáníìṣì, àlùfáà náà fi í ṣẹ̀sín níwájú àlejò, ó fi èdè náà wé aṣọ tí ó yá wọ̀, ó sì ní èdè ìbílẹ̀ rẹ̀ tó o.

Àwọn Yorùbá ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ Damaso bá òwe yìí mu. Bí a bá wò ó fínnífínní, òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹni tí ó pa òwe yìí ń gba ènìyàn níyànjú láti gbé ohun tirẹ̀ lárugẹ. Damaso ní tirẹ̀ kò ka èdè olùkọ́ sí èdè ìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí ó ní èdè tí a fi ń bá ìjọba wí. Ó fẹ́ kí ó wà láàárín méjèèjì láìní ohùn. Àwọn òbí alára tún wá bẹ olùkọ́ pé kí ó gbé pàṣán rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà nìyẹn. Olùkọ́ náà juwọ́ sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tó yá, ó túmọ̀ àwọn ìwé kéékèèké sí Tagalog fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ni ìṣẹ́gun kan ṣoṣo tí ó ní.

Irú rẹ̀ wà nínú El filibusterismo, ní kíláàsì ìmọ̀ físíìsì ní Manila. Àwọn ohun èlò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, àlejò ni wọ́n ń fi hàn, akẹ́kọ̀ọ́ kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Àlùfáà tó ń kọ́ni ń fi Plácido Penitente ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi dìde tí ó sì fi kíláàsì sílẹ̀. Ìmọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàkùrọ̀sọ kò sí láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́.

Ọkọ̀ Tabo

Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń fi agbára ooru omi gbígbóná rìn lórí odò Pasig ni El filibusterismo ti bẹ̀rẹ̀. Tabo ni orúkọ rẹ̀, nítorí pé ó rí roboto bí ahá tí wọ́n fi ń bu omi. Òkè ọkọ̀ ni àwọn òyìnbó, àlùfáà àti ọlọ́lá wà. Ìsàlẹ̀ ni àwọn ọmọ onílẹ̀ há mọ́ láàárín ẹrù àti ẹ̀rọ.

Lókè, wọ́n ń jiyàn lórí bí a ṣe lè mú kí odò náà rọrùn fún ọkọ̀. Simoun ní kí wọ́n gbẹ́ odò tuntun tààrà la ìlú kọjá, kí wọ́n sì fi ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́ náà láìsan kọ́bọ̀. Don Custodio ní kí wọ́n kàn fipá mú àwọn abúlé etí odò láti máa sin pẹ́pẹ́yẹ. Bí wọ́n bá ṣe ń wá ìgbín omi jẹ ni odò yóò máa jìn sí i. Ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ náà ní oró nínú. Nínú àbá méjèèjì, àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ kò sí níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà.

Ní ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Basilio àti Isagani, ti ń sọ̀rọ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ fún kíkọ́ èdè Sípáníìṣì. Nígbà tí Simoun sọ fún wọn pé omi tí àwọn ènìyàn wọn ń mu ni kò jẹ́ kí wọ́n lágbára, Isagani fi yé e pé omi tó tutù ń pa iná, àti pé bí a bá gbé e kaná, ooru rẹ̀ a di agbára. Ẹ̀rọ tó ń gbé gbogbo wọn lọ ni ó fi dáhùn. Òye àwọn tó wà nísàlẹ̀ nípa ẹ̀rọ jinlẹ̀ ju ti àwọn tó wà lókè lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ìpinnu dé nípa ilé-ẹ̀kọ́ náà, abẹ́ àwọn àlùfáà ni wọ́n fi sí. Iṣẹ́ agbowó ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Tasio àti ìbéèrè èdè

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ìlú San Diego kò gba ti òwe yìí. Wèrè ni ọ̀pọ̀ ń pe Tasio, àgbàlagbà tó fi owó rẹ̀ ra ìwé. Ó gba olórí ìlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n ra irin tí ń dáàbò bo ilé lọ́wọ́ àrá. Ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín. Agogo ni wọ́n ń lù bí òjò bá ṣú.

Nígbà tí Ibarra bẹ̀ ẹ́ wò, ó bá a tí ó ń kọ̀wé ní àmì àwòrán bí ti àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Èdè Tagalog ni ó fi àmì náà kọ, ìran tó ń bọ̀ ni ó sì ń kọ ọ́ fún. Níhìn-ín ni ọgbẹ́ inú iṣẹ́ Rizal ti hàn. Èdè Sípáníìṣì ni Rizal fi kọ ìwé méjèèjì, èdè tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ìtàkùrọ̀sọ wọn kún inú ìwé kò lè kà. Rizal mọ èyí. Ó ti túmọ̀ eré Wilhelm Tell tí Schiller kọ sí Tagalog. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn àròsọ kẹta, Makamisa, ní Tagalog, ṣùgbọ́n ó padà sí Sípáníìṣì, kò sì parí rẹ̀. Tasio ni àwòjíìjí òǹkọ̀wé tí èdè rẹ̀ wà lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí kò rí ẹni tí yóò kà á.

Àléébù

Iṣẹ́ Rizal kò pé. Nígbà tí àwọn obìnrin bí Rufa bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìdáríjì fún àwọn òkú inú pọ́gátórì, yẹ̀yẹ́ nìkan ni òǹkọ̀wé rí níbẹ̀. Kò wá ìrora tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn bí ó ti wá a fún Ibarra. Bákan náà ni Elías, tí ìyà ti jẹ, ń sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò. Ohùn tí Rizal gbọ́ dáadáa jù ni ohùn àwọn tó kàwé. Ibi tí ó ti yọ nínú àléébù yìí ni orí tó tẹ̀lé ìdìtẹ̀ irọ́ náà, níbi tí àwọn aládùúgbò ti ń gbé àhesọ káàkiri. Tọkùnrin tobìnrin wọn ló ní ẹnu nínú rẹ̀, ìbẹ̀rù sì hàn nínú bí oníkálukú ṣe ń yí ìtàn náà padà.

Ìgúnlẹ̀

Ìbéèrè Tasio kò tíì tán ní Fílípìnì. Ní ọdún 1937, Ààrẹ Manuel Quezon kéde Tagalog gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ èdè orílẹ̀-èdè. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1987 pe èdè náà ní Filipino. Òfin ọdún 2013 sọ èdè abínibí di èdè ìkọ́ni ní àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Òfin ọdún 2024 tún mú ọ̀ranyàn náà kúrò. Irú ìbéèrè kan náà ni Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ gbìyànjú láti dáhùn nílẹ̀ Yorùbá láti ọdún 1970.

Iṣẹ́ yìí dámọ̀ràn pé kí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ má ṣe ka ìtàkùrọ̀sọ inú ìwé sí ohun tí a ń sáré kọjá láti dé ibi ìṣẹ̀lẹ̀. Kí wọ́n kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa wo ẹni tó jókòó, ẹni tó wà lóròó, èdè tó ń jáde lẹ́nu oníkálukú àti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dé ibi ìpinnu. Kí wọ́n sì wo kíláàsì tiwọn bákan náà. Ọmọ tó ń ro àròjinlẹ̀ nílé ní èdè rẹ̀, tí ó wá yadi ní ilé-ìwé, kò yàtọ̀ sí ọmọ San Diego tó ń há ìwé sórí lábẹ́ ilé àlùfáà.