Ẹni Tó Ní Kí Wọ́n Pa Ìfẹ́ Rẹ́ Lọ́kàn Òun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ẹni tó yàgbẹ́ bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ̀rọ kan bá wà tí ẹni tó kó o pàápàá lè fi gbàgbé, ṣé kí ó lò ó? Ìbéèrè yìí ni fíìmù Eternal Sunshine of the Spotless Mind gbé ka iwájú wa. Ọdún 2004 ni ó jáde. Michel Gondry, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni olùdarí rẹ̀. Charlie Kaufman, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́. Ìtàn náà gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní ọdún 2005.

Joel (Jim Carrey) àti Clementine (Kate Winslet) ń fẹ́ra wọn. Joel kì í sọ̀rọ̀, Clementine kì í dákẹ́. Lónìí irun rẹ̀ pupa, lọ́la ó di àwọ̀ búlúù. Nígbà tí ìjà dé, Clementine lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Lacuna, ó ní kí wọ́n pa Joel rẹ́ kúrò nínú ìrántí òun. Lacuna wá fi káàdì ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ pé kí wọ́n má ṣe dárúkọ Joel fún un mọ́. Nígbà tí Joel rí káàdì náà, inú bí i, òun náà lọ síbẹ̀. Ó sùn sí ilé rẹ̀, wọ́n de ẹ̀rọ mọ́ ọn lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjà ìkẹyìn padà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ìfẹ́ ti dùn, ó fẹ́ kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n ojú oorun ni ó wà. Ó wá mú Clementine sá wọ inú ìrántí ìgbà èwe rẹ̀, ó fi í pamọ́ sínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀.

Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó ń ta ni lára ni. Àwọn òṣìṣẹ́ Lacuna ń mu ọtí oníbàárà, wọ́n ń jó lórí ibùsùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ayé rẹ̀ ni wọ́n ń nù nù lọ́wọ́ kan náà. Carrey, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí aláwàdà nínú The Mask (1994), kò fi ojú ṣe yẹ̀yẹ́ níhìn-ín; ìdákẹ́jẹ́ ni ó fi ṣe é, ó sì yẹ ẹ́.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba, ni ọ̀rọ̀ fáìlì. Lacuna nu ìrántí nù, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú fáìlì àti kásẹ́ẹ̀tì. Akọ̀wé wọn, Mary, wá rí i pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà fún òun náà rí, ó sì dá fáìlì oníkálukú padà fún un. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì mọ̀ pé fáìlì kì í kú.

Fíìmù náà ní àbùkù tirẹ̀. Ìtàn rẹ̀ lọ́júpọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ kí ó tó jókòó yóò sọnù. Àwọn ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àgbà kan tó pe tọkùnrin tobìnrin jókòó. Ọtí àti igbó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà kì í ṣe ti ọmọdé.

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Àwa tí rògbòdìyàn Kaduna ti ọdún 2000 ṣojú wa mọ ohun tí ènìyàn ń fẹ́ gbàgbé. Ká ní Lacuna ní ẹ̀ka ní òpópónà Ahmadu Bello nígbà náà ni, èmi ìbá tò sórí ìlà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ kí wọ́n nù nù yẹn náà ni aládùúgbò wa kan, Hausa, fi ìyàwó àti àwọn ọmọ mi pamọ́ sínú yàrá ìyàwó tirẹ̀. Bí wọ́n bá nu ẹ̀rù náà nù, oore náà bá a lọ nìyẹn.

Àwa náà sì ń fi káàdì ránṣẹ́ nínú ilé wa. Bí ọmọ bá béèrè ọ̀rọ̀ ọdún náà, a ó ní kí ó lọ ka ìwé rẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní òpin fíìmù, Joel àti Clementine gbọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì gbogbo àléébù tí wọ́n kà sí ara wọn lọ́rùn, síbẹ̀ wọ́n gbà láti tún bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ wo fíìmù náà, ẹ̀yin òbí. Bí ẹ bá wò ó tán, ẹ pe àwọn ọmọ yín jókòó, kí ẹ sọ fún wọn.