Odídẹrẹ́ àti Oko Ìwájẹ

Nínú àwọn ìwúre tí Yorùbá máa ń ṣe fún ẹni tí ó ń lọ sí ìrìn àjò, ọ̀kan wà tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa: odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Ìtumọ̀ rẹ̀ hàn kedere. Bí ẹyẹ yìí ṣe ń jáde láàárọ̀ lọ wá oúnjẹ, tí ó sì ń padà sí ibùsùn rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, bẹ́ẹ̀ ni arìnrìn-àjò yóò ṣe padà wálé ní àlàáfíà. Ìwúre yìí dúró lórí ohun tí ojú àwọn baba wa rí. Àwọn odídẹrẹ́ a máa wọ́ jọ ní ìrọ̀lẹ́, wọn a sì sùn pọ̀ lórí igi gíga. Àkíyèsí ni ó bí àfiwé náà.

Ṣùgbọ́n àfiwé a máa gbó bí ohun tí a fi ṣe é bá yí padà. Lónìí, oko ìwájẹ gan-an ni ọwọ́ ti ń tẹ odídẹrẹ́. Àwọn apẹyẹ a fi àtè ra ẹ̀ka igi, wọn a so ẹyẹ kan mọ́ ibẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Àwọn tí wọ́n bá mú láàyè a dèrò inú àgò, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò rà wọ́n. Láàárín 1975 sí 2013, iye tí a fi ìwé àṣẹ kó jáde láti Áfíríkà lé ní mílíọ̀nù kan. Èyí tí a kó gba ọ̀nà fàyàwọ́, ta ni yóò kà á? Ní Gánà, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé láti 1992, nínú odídẹrẹ́ 100, 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kò sí mọ́. Igbó tí a ń pa run wà lára ohun tí ó fà á, ṣùgbọ́n òwò kò ṣeé yọ sílẹ̀. Ẹyẹ tí ẹyin rẹ̀ kì í sábà ju mẹ́ta sí márùn-ún lọ, tí ó sì ń pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí, kò lè tètè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀.

Kí ni àwọn tí ń rà á ń wá lára rẹ̀? Ohùn ni. Ayékòótọ́ ni àwa ń pe ẹyẹ yìí. Ẹ̀bùn ọ̀rọ̀ sísọ tí ó fi gba orúkọ náà lọ́dọ̀ wa ni ó sọ ọ́ di ẹrú ní ìyẹ̀wù àjèjì.

Àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tí ó fẹ́ run, èyí tí a fọwọ́ sí ní Washington ní 1973, gbé odídẹrẹ́ sí ìpele kìn-ín-ní ní ìpàdé Johannesburg ní 2016. Láti 2017 ni àdéhùn náà ti ka kíkó odídẹrẹ́ inú igbó kọjá ẹnu ibodè fún òwò léèwọ̀. Ó kan ìyẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan lè wí pé ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni a fi èyí dí lọ́wọ́, nítorí pé ìkó odídẹrẹ́ kì í wọ́n lórí ìyàwó òrìṣà.

Ìwé kan wà tí a lè fi wọn ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1966, Mestre Didi, òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́-ọnà ará Bahia ní Bùràsíìlì, tẹ ìtàn kan jáde ní èdè Potogí lórí ìdí tí Òrìṣà-ńlá fi ń lo ekodidé. Orúkọ yìí kò ṣòro fún wa láti dá mọ̀: ìkó odídẹ ni. Nínú ìtàn náà, àwọn òjòwú dìtẹ̀ mọ́ obìnrin tí ń tọ́jú adé Òrìṣà-ńlá. Ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ ní gbangba, ìtìjú bò ó. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀jẹ̀ náà di ìkó pupa. Òrìṣà aláṣọ funfun wá mú ìkó, ó fi ṣe ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀, ó sì fi bẹ́ẹ̀ bọlá fún obìnrin.

Ohun méjì ni mo rí fà yọ nínú rẹ̀. Èkíní ni pé ìkó kan ṣoṣo tó láti sọ ìtìjú di ọlá. Ọ̀wọ́n tí ó wọ́n ni iyì rẹ̀. Èkejì ni pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ó di ìyẹ́, kì í ṣe ara ẹyẹ ni a ti fà á tu. Ẹwà ìtàn náà nìyẹn. Ibẹ̀ náà sì ni ó ti kù díẹ̀ káàtó fún àwa tí a ń kà á lónìí: ìkó dé, odídẹrẹ́ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ ìrù ẹyẹ a máa re, òmíràn a sì hù. Ẹni tí ó ń fẹ́ ìkó kò ní láti pa ẹni tí ó ni ín.

Nítorí náà, n kò gbà pé àṣà nìkan ni ó ń pa odídẹrẹ́ run, n kò sì gbà pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Orí odídẹrẹ́ gbígbẹ tí a ń rí lórí àtẹ lékuléja, àwa ni a ń rà á.

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn ti ṣa oríkì ẹyẹ àti ẹranko jọ, wọ́n sì ti ṣàlàyé àfiwé àti àwítúnwí inú wọn. Ó ku ẹyẹ náà fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń túmọ̀ ìwúre yìí láìtíì gbọ́ igbe odídẹrẹ́ rí lórí igi, ọ̀rọ̀ ni ó mọ̀, kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Òfin ibodè lè gba odídẹrẹ́ lọ́wọ́ oníṣòwò, ṣùgbọ́n àwa tí a fi ń wúre ni ó yẹ kí á rí i pé ibùsùn rẹ̀ kò dàwátì. Bí ẹyẹ náà bá tán nínú igbó, kí ni a ó fi súre fún ọmọ wa tí ó ń lọ sí ìrìn àjò?