Ìmọ́lẹ̀ Ló Ń Júwe Ọ̀nà ní Canary Wharf

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin Overground ní Peckham, tó bọ́ sílẹ̀ ní Canada Water, tó sì wọ Jubilee Line gba abẹ́ odò Thames kọjá, Canary Wharf ni ibùdó tó máa kàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ló mọ ọ̀nà yìí bí ẹni mowó, torí iṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, ti sìkiọ́rítì wà, ti agbálẹ̀ òru náà wà. Eré ni wọ́n sábà máa ń bá kọjá nínú ibùdó yẹn. Bẹ́ẹ̀, ibi tó yẹ kéèyàn dúró wò ni.

Norman Foster àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ya àwòrán rẹ̀, oṣù kẹsàn-án ọdún 1999 ni wọ́n sì ṣí i. Roland Paoletti, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ayàwòrán-ilé fún apá tuntun Jubilee Line nígbà náà, ló ní kí wọ́n pín àwọn ibùdó náà fún oríṣiríṣi ayàwòrán. Ìdí nìyẹn tí Westminster, Southwark àti ti Canary Wharf yìí kò fi jọra wọn rárá.

Inú omi ni wọ́n kọ́ ọ sí. Èbúté West India Docks ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1802 kí ọkọ̀ lè máa já ṣúgà tí wọ́n fi òógùn àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà ṣe ní West Indies. (Ilé tí wọ́n ń kó ṣúgà sí nígbà náà ti di mùsíọ́ọ̀mù báyìí, kò jìnnà síbẹ̀, ẹ yà wò ó.) Èbúté náà kógbá sílé lọ́dún 1980. Àwọn oníṣẹ́ wá fa omi apá kan gbẹ, wọ́n kọ́ ibùdó tó jìn ju 20 mítà lọ, tó sì gùn ju 250 mítà lọ síbẹ̀, wọ́n wá fi ọgbà ìgbafẹ́ bo orí rẹ̀.

Ilé tó ṣófo kì í fẹ́ jókòó sínú omi. Ẹ ti igbá òfìfo wọnú garawa omi kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sílẹ̀, ẹ ó rí bó ṣe máa ta sókè. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ri òpó kọnkéré mọ́lẹ̀ lábẹ́ ibùdó náà. Gbígbé ilé ró la mọ òpó mọ́. Àwọn wọ̀nyí ń dì í mú kó má baà léfòó. Èrò kankan kò lè rí wọn.

Èyí tí ojú lè rí ni òpó inú gbọ̀ngàn, tó tò lọ gbọọrọ láàárín. Ẹ sún mọ́ ọn. Kò rí róbótó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní igun. Ó fẹ̀ lápá kan, ó fún lápá kejì. Ẹ fọwọ́ pa á: ó ń dán, ó tutù. Bíríkìlà mọ̀ pé pílásítà ló ń bo àṣírí kọnkéré. Níbí, wọn kò fi pílásítà kan án. Bí pákó tí wọ́n fi dá a kò bá lẹ̀ mọ́ra dáadáa, omi sìmẹ́ńtì á jò dànù, òkúta á yọ eyín síta. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, ihò á dá sí i lára. Tó bá sì ti gan, ẹ̀pà ò bóró mọ́. Mo wá àléébù títí, ìwọ̀nba ni mo rí.

Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni mo kan sáárá sí jù. Wọn ò jẹ́ kí oòrùn wọlé níbi gbogbo. Abẹ́ àwọn òrùlé gíláàsì mẹ́ta tó tẹ̀ kọrọdọ sórí ẹnu ọ̀nà ló ti ń wọlé. Èyí ni pé ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù, ibẹ̀ ni ọ̀nà àbájáde. Àlejò tí kò mọ̀wé kà á jáde. Wọ́n ti kó yàrá ẹ̀rọ àti ọ́fíìsì sí ẹ̀gbẹ́, kò sí ohun tó dí ojú. Béèyàn bá dúró sórí àtẹ̀gùn tó ń gbéni ròkè, ìkùukùu ni yóò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà orí àwọn ilé gogoro. Àwọn tó ṣe fíìmù Rogue One lọ́dún 2016 ya apá kan níbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ibùdó àwọn ọmọ ogun ọ̀tá. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, torí ọkàn mi máa ń balẹ̀ níbẹ̀ ni.

Ibi tó kù sí ni ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ọkọ̀. Ibùdó Elizabeth Line tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022 wà ní apá mìíràn nínú èbúté àtijọ́ náà. Dandan ni kéèyàn jáde pátápátá kó tó lọ bá a. Ọkọ̀ ojú irin DLR náà ńkọ́? Èèyàn ní láti jáde síta bákan náà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ DLR, kó gba ẹnu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn, ibùdó Heron Quays ò jìnnà síbẹ̀. Ti Elizabeth Line, kó yáa máa wo pátákó, kó sì fi ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kún àkókò rẹ̀.