Ìdáhùn Kẹta: Àyẹ̀wò Èdè Ìṣètò Bluetooth nínú Kernel Linux

Ọdún 2001 ni Bluetooth wọ inú kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà. Kí ènìyàn tó lè to kernel yìí pọ̀ fúnra rẹ̀, ó ní láti dáhùn ọ̀wọ́ ìbéèrè tó wà nínú àwọn fáìlì tí wọ́n ń pè ní Kconfig. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n. Fún Bluetooth, lẹ́tà mẹ́ta ni ìdáhùn: Y, M àti N.

Y àti N kò ṣòro fún olùtumọ̀: ‘bẹ́ẹ̀ ni’ àti ‘rárá’. M ni ìṣòro wà. Nítorí pé ó bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, ó rọrùn láti pè é ní ‘bóyá’. Àṣìtumọ̀ gbáà ni, nítorí kò sí iyèméjì kankan nínú M. Ẹni tó yan Y ti pa Bluetooth pọ̀ mọ́ kernel; gbàrà tí kernel bá ti wọ inú ìrántí kọ̀ǹpútà ni òun náà ti wà níbẹ̀. Ẹni tó yan M gbà á bákan náà, ṣùgbọ́n inú fáìlì ọ̀tọ̀ ni Bluetooth yóò wà, tí kernel yóò máa pè é wọlé nígbà tó bá nílò rẹ̀. ‘Àbímọ́’ yẹ Y. ‘Àpèwọlé’ ló yẹ M.

Òfin Kconfig fúnra rẹ̀ ti èyí lẹ́yìn. CONFIG_BT ni ìbéèrè àgbà. Abẹ́ rẹ̀ ni CONFIG_BT_HCIBTUSB wà, èyí tó ń jẹ́ kí kernel lè lo ẹ̀rọ Bluetooth orí USB. Bí àgbà bá jẹ́ M, ọmọ kò lè jẹ́ Y, nítorí ohun àbímọ́ kò lè gbára lé ohun tí wọn kò tíì pè wọlé. ‘Bóyá’ kò lè ṣàlàyé òfin yìí.

Kconfig náà ní àléébù tirẹ̀. Ó to àwọn ìpele Bluetooth lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sọ ohun tí Y àti M ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tí ènìyàn fi lè yan ọ̀kan ju èkejì lọ. Ọwọ́ olùtumọ̀ ni àlàyé yẹn bọ́ sí.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé (1984) àti Awóbùlúyì (1990) ṣe olóòtú rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ kernel. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni wọ́n gbájú mọ́. Iṣẹ́ ṣì kù nílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bá ‘bóyá’ pàdé, tí kò sì fẹ́ ṣiyèméjì, lè yan N, kí bọ́tìnì ìtẹ̀wé Bluetooth rẹ̀ má sì ṣiṣẹ́ mọ́.