Òkúta Ibojì Nellie Bly

Àwa tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ogún wa ní Kétu mọ ẹni tí ń bo ojú kí ó tó sọ òtítọ́ fún ìlú. Lóru Ẹ̀fẹ̀, ẹni tí ó wà lábẹ́ agọ̀ a máa sọ ohun tí ẹnu kò lè gbà sọ ní ọ̀sán, àwọn àgbà a sì tẹ́tí sí i. Ojú yìí ni a ó fi wo òkúta tí ó wà lórí ibojì Nellie Bly, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, ní itẹ́ òkú Woodlawn, ní Bronx, New York.

Ní 1887, ọdún kan lẹ́yìn tí ogun Dahomey fọ́ Kétu, obìnrin yìí, Elizabeth Cochran lórúkọ àbísọ, pe ara rẹ̀ ní Nellie Brown. Ó ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, àwọn dókítà gbà pé òótọ́ ni, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé àwọn obìnrin alárùn ọpọlọ ní erékùṣù Blackwell. Ọjọ́ 10 ni ó lò níbẹ̀ kí ìwé ìròyìn New York World tó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ó kọ nípa omi tútù tí wọ́n fi ń wẹ̀ wọ́n, oúnjẹ tí kò ṣeé jẹ, àti lílù. Ó kọ nípa obìnrin ará Jámánì kan tí dókítà yẹ̀ wò láìsí ògbufọ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ ọmọ Jámánì pàápàá kọ̀ láti túmọ̀ fún un. (Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ti fi Yorùbá sọ ẹjọ́ rẹ̀ níwájú tábìlì tí ó gbọ́ Faransé nìkan yóò dúró díẹ̀ níbẹ̀.)

Nígbà tí Nellie kú ní 1922, kò sí òkúta lórí ibojì rẹ̀. Ọdún 56 kọjá kí ẹgbẹ́ New York Press Club tó gbé ọ̀kan kalẹ̀ ní 1978. Ó yẹ kí a yìn wọ́n. Òkúta náà mọ níwọ̀n. Orúkọ tí ó fi ń kọ̀wé àti orúkọ ilé rẹ̀ wà lára rẹ̀, ti ẹgbẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Akọ̀ròyìn olókìkí ni wọ́n pè é. Níhìn-ín ni àléébù wà. A kì í ki ènìyàn ní olókìkí kí a sì dákẹ́. Oríkì a máa sọ ohun tí ó ṣe, àti àwọn tí ó ṣe é fún. Òkúta yìí kò mẹ́nu kan ọjọ́ 10 náà, kò sì mẹ́nu kan àwọn obìnrin inú ilé náà.

Ère Amanda Matthews, The Girl Puzzle, tí wọ́n ṣí ní December 2021 lórí erékùṣù kan náà, tí ń jẹ́ Roosevelt nísinsìnyí, sún mọ́ oríkì jù ú lọ. Ojú ńlá márùn-ún ni, tí a tò ní abala abala bí ohun tí ó fọ́ tí a ń so pọ̀: ọ̀kan jẹ́ ti Nellie, mẹ́rin sì dúró fún onírúurú obìnrin. Iṣẹ́ gidi ni. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí obìnrin Jámánì yẹn wà láàárín wọn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, nítorí Nellie kò fi orúkọ náà pamọ́. Louise Schanz ni ó kọ sínú ìwé rẹ̀.