Ta Ló Mú Kálàmù Lọ́wọ́?

Ọdún 1870 ni ọ̀nà ti máa ń dí mọ́ ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó ń wá orírun ìdílé rẹ̀. Ìkànìyàn ọdún náà ni àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ti kọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú sílẹ̀ torúkọ-tọjọ́ orí, bí wọ́n ṣe ń kọ gbogbo ọmọ ènìyàn. Ẹ padà sí ti 1860, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó wọn sí: orúkọ olówó wọn lókè, lẹ́yìn náà ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti lẹ́tà kan ṣoṣo tó ń sọ bóyá àwọ̀ dúdú ni tàbí àwọ̀ tó pọ́n díẹ̀. Obìnrin, ọgbọ̀n ọdún, dúdú. Ọkùnrin, ọdún méje, dúdú. Ó tán.

Àwọn tí wọ́n ń fi títọpa ìran jẹun, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ni mo fẹ́ yìn lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tó bá ti ní sùúrù àti íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣe é. Sùúrù dára, íntánẹ́ẹ̀tì náà ò burú, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà ju ìyẹn lọ. Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í yéé bi ìwé tó bá wà níwájú wọn: ta ló mú kálàmù lọ́wọ́, ta ló sì ń sọ ohun tó ń kọ fún un?

Ẹ jẹ́ kí n dá àpẹẹrẹ kan sílẹ̀ fúnra mi. Ká ní obìnrin kan wà nínú ìwé 1870 ní ìgbèríko Georgia, kó máa jẹ́ Hannah, ọmọ ogójì ọdún, tí àwọn ọmọdé mẹ́ta sì tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀ nínú ilé kan náà. Nínú ìwé 1860, àgbẹ̀ ńlá kan ní agbègbè yẹn ní obìnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún láàárín àwọn ẹrú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á ti fò sókè pé òun ti rí ìyá àgbà. Ọ̀gá á jókòó jẹ́ẹ́. Lọ́dún 1860, olówó ẹrú tàbí alábòójútó oko rẹ̀ ló sọ ọjọ́ orí yẹn, ẹni tó ṣeé ṣe kó má sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, tí kò sì kàn án bóyá ọgbọ̀n ni tàbí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lọ́dún 1870, akọ̀wé ìjọba ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹni tó bá bá nílé ló ń dá a lóhùn, nígbà mìíràn aládùúgbò ni. Ìdí nìyí tí ọjọ́ orí tó parí sí òdo tàbí márùn-ún fi pọ̀ lápọ̀jù nínú àwọn ìwé wọ̀nyí. Ogójì tí wọ́n kọ lè jẹ́ márùndínlógójì, ó sì lè jẹ́ mẹ́rìnlélógójì.

Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ìwé 1870 kò béèrè bí ẹnì kan ṣe jẹ́ sí ẹnì kejì nínú ilé. Ọdún 1880 ni ìbéèrè yẹn tó wọlé. Nítorí náà, tí ọ̀gá bá ń kọ ìròyìn rẹ̀, kò ní kọ ọ́ pé "àwọn ọmọ Hannah". Á kọ ọ́ pé "àwọn ọmọ mẹ́ta tó ń gbé nílé Hannah". Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, ọmọ ọlọ́mọ sì pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn. Oníbàárà lè má kíyè sí ìyàtọ̀ inú gbólóhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti ń dá ẹni tó mọṣẹ́ mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀gá á fi Hannah sílẹ̀ ná. Á kọ orúkọ àwọn ará ilé tó ṣáájú tirẹ̀ lójú ìwé náà àti ti àwọn tó tẹ̀ lé e, dúdú àti funfun, torí pé akọ̀wé ìkànìyàn ń rìn láti ilé kan bọ́ sí èkejì ni, àwọn tó bá sì súnmọ́ra lójú ìwé sábà máa ń súnmọ́ra nílé. Ta ló ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ níbẹ̀? Ta ló tún ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà pẹ̀lú Hannah? Elizabeth Shown Mills, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olóòtú ìwé àtìgbàdégbà National Genealogical Society Quarterly, ló sọ ọgbọ́n yìí di ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà mọ̀: wá ọ̀rẹ́ ẹni náà, wá alábàáṣe rẹ̀, wá aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí ìwé kò dárúkọ, ìwé lè ti dárúkọ àwọn tó yí i ká.

Orúkọ onílẹ̀ funfun tó bá rí ni á gbé lọ sí kóòtù láti béèrè ìwé ogún. Tí olówó ẹrú bá kú, wọ́n máa ń ka dúkìá rẹ̀ sílẹ̀: ẹṣin, ìbaaka, àga, ènìyàn, tiye-tiye. Ibẹ̀ ni orúkọ wà. Wọ́n sì sábà máa ń kọ ìyá àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ sórí ìlà kan, torí pé iye kan ni wọ́n dá lé àwọn méjèèjì. Ìwé tí wọ́n kọ láti fi pín wọn bí ẹrù ló wá ń sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn lónìí ẹni tó bí ta ni. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ tí oúnjẹ ọ̀sán á sì tún lọ lọ́fun rẹ̀. Wọ́n ń kà á o, wọ́n tilẹ̀ ń ṣàyẹ̀wò iye owó náà, nítorí pé bó bá lọ sílẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, ó lè túmọ̀ sí pé ẹni náà ti darúgbó tàbí pé ara rẹ̀ kò dá.

Ìwé kan wà tó sàn díẹ̀. Ní 1865 ni wọ́n dá báńkì kan sílẹ̀ fún àwọn tó bọ́ lóko ẹrú, Freedman's Savings and Trust Company. Ẹni tó bá fẹ́ fi dọ́là mélòó kan pamọ́, wọ́n á bi í: níbo ni wọ́n bí ọ, níbo lo dàgbà sí, iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ta ni aya tàbí ọkọ rẹ, àwọn ọmọ rẹ ńkọ́, bàbá rẹ, ìyá rẹ, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ? Báńkì kò ní ìfẹ́ ìtàn ìdílé o. Ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn kò lè fọwọ́ síwèé, wọ́n sì nílò ohun tí wọ́n á fi dá ẹni tó ni owó mọ̀ lọ́jọ́ tó bá padà wá. Akọ̀wé ló mú kálàmù, ṣùgbọ́n onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ó sì ní ìdí tó fi yẹ kó sọ òótọ́, nítorí owó rẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́dún 1874 báńkì náà wó, owó àwọn tálákà sì bá a lọ. Àwọn ìwé wọn kò bá a lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìbéèrè kan ṣe lè mi ìtàn ńlá, kó wo ọ̀rọ̀ Kunta Kinte. Lọ́dún 1976 ni òǹkọ̀wé Alex Haley gbé ìwé Roots jáde, ó ní ọkọ̀ ojú omi Lord Ligonier ló gbé Kunta, baba ńlá òun, dé Annapolis lọ́dún 1767, pé ìdílé Waller ní Virginia ló rà á, tí wọ́n sọ ọ́ ní Toby. Ní 1981, Elizabeth Shown Mills yìí kan náà àti ọkọ rẹ̀, Gary Mills, tẹ àyẹ̀wò kan jáde. Ohun tí wọ́n ṣe kò díjú rárá. Haley bẹ̀rẹ̀ láti 1767 wá síwájú. Àwọn wo àwọn ìwé tó ṣáájú 1767. Toby ti wà níbẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Waller, nínú ìwé mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọkọ̀ náà tó gúnlẹ̀. Lọ́dún kan náà, onímọ̀ ìtàn Donald Wright gba ìhà Gambia, níbi tí Haley ní Kunta ti wá, wọ̀ ọ́: Haley ti sọ ohun tó ń wá fún àwọn ènìyàn níbẹ̀ kó tó rí bàbá tó wá ròyìn Kunta fún un. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n dá padà fún un. Èyí kò sọ ìwé náà di yẹpẹrẹ gẹ́gẹ́ bí ìwé, ẹkún tí àwọn ènìyàn sun lórí rẹ̀ kì í ṣe ẹkún èké. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbowó láti sọ fún ọ pé ẹni báyìí ni baba ńlá rẹ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wádìí láti ibi tó ti wù ú kí ìtàn bẹ̀rẹ̀.

Àwa Yorùbá náà kò ṣàìmọ èyí. Lọ́dọ̀ àwọn arọ́kin, apìtàn ààfin Ọ̀yọ́, ni Samuel Johnson ti gbọ́ púpọ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897, tó jáde ní 1921. Àwọn arọ́kin sì ń jẹ lọ́wọ́ Aláàfin. Àwọn lọ́yà tó ń ṣẹjọ́ ilẹ̀ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta náà mọ Kojo kejì àti Bonsie bí ẹni mọ owó, ẹjọ́ tó wá láti Gold Coast, tí àwọn adájọ́ Privy Council dá ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ́dún 1957. Tí ìdílé méjì bá ń pa ìtàn tó takora, adájọ́ kò gbọ́dọ̀ wo ẹnu ẹni tó dùn jù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àìpẹ́ ni kó fi dán ìtàn méjèèjì wò. Ta ló ń dá oko níbẹ̀? Ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀?

Iṣẹ́ tó wù mí jù nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti olùṣèwádìí Hannah Durkin, nígbà tó wà ní Yunifásítì Newcastle. Clotilda ni ọkọ̀ ẹrú ìkẹyìn tí a mọ̀ tó dé Amẹ́ríkà. Ouidah ló ti gbéra, ó dé Alabama lọ́dún 1860, lẹ́yìn tí òfin ti ka òwò náà léèwọ̀ fún ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ pé Cudjo Lewis, tó kú ní 1935, ló kú kẹ́yìn nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ní 2019, Durkin fi hàn pé obìnrin kan tó wà nínú ọkọ̀ náà, Redoshi, gbé ayé di 1937. Kò tó ọdún méjì sí i, òun fúnra rẹ̀ tún kọ̀wé pé ẹlòmíràn tún wà: Matilda McCrear, tó kú ní Selma lóṣù kìíní ọdún 1940. Ọmọ nǹkan bí ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ wá.

Ìwé ìròyìn Selma kan ti 1931 ló jẹ́ kó rí i. Matilda ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, ó lọ sí kóòtù láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n sì lé e padà. Akọ̀ròyìn funfun, Alabama, 1931: ẹ fojú inú wo bí irú kálàmù bẹ́ẹ̀ á ṣe máa kọ̀wé nípa arúgbó obìnrin dúdú. Durkin kò torí ẹ̀gàn inú rẹ̀ ju ìwé náà nù, kò sì gbé e mì odindi. Ó ṣà á bí ẹni ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, ó sì fi ìwé ìkànìyàn àti àwọn àkọsílẹ̀ ìdílé yẹ ohun tó ṣẹ́ kù wò, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tó ń yí padà lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé: Creagh tí í ṣe ti olówó ẹrú, Crear, McCrear.

Àbákẹ́ ni orúkọ tí wọ́n ní ó ń jẹ́ nílé. Ọmọ Yorùbá á gbọ́ ọ, orí rẹ̀ á wú, á fẹ́ sọ pé ọmọ ìlú báyìí ni. Níbẹ̀ ni kó ti kó ara rẹ̀ níjàánu. Àbákẹ́ ń bẹ ní ìlú tó pọ̀. Oríkì orílẹ̀ ni ì bá tọ́ka sí ìdílé, ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Síbẹ̀, etí wa wúlò níbi iṣẹ́ yìí. Ní Freetown àti Havana, àwọn akọ̀wé kóòtù kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti bí wọ́n ṣe ga tó, ní Freetown pẹ̀lú ìlà ara wọn. Orúkọ 91,491 ló wà nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní African Origins. Gẹ̀ẹ́sì tàbí Sípáníìṣì ni akọ̀wé gbọ́, ògbufọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Àjàyí sì lè di Adjai, bí wọ́n ti ń kọ ti Crowther nígbà kan. Àwọn olùṣèwádìí wá ní kí àwọn ọmọ elédè máa gbọ́ orúkọ náà kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ ẹ.

Àwọn tó ń dán ọ̀gá wò náà wà. Board for Certification of Genealogists bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1964. Ẹni tó bá gba ìwé-ẹ̀rí wọn gbọ́dọ̀ tún un gbà lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni kí o da ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kọ. Ó rọrùn létí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró bó ṣe wà. Tí akọ̀wé bá ṣi orúkọ oṣù kọ, jẹ́ kó ṣì wà. Tó bá fa ìlà lórí ọ̀rọ̀ kan, fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìlà rẹ̀, torí pé ibi tí akọ̀wé ti yí ọkàn padà lè jẹ́ ibi tí ẹnì kan ti tún sọ nǹkan mìíràn fún un. DNA kò gba èyí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tìrẹ mu ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lè jẹ́ ọbàkan rẹ, ó lè jẹ́ bàbá àgbà rẹ, ó lè jẹ́ àbúrò bàbá rẹ. Ìwé ló máa là á.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí nílé, kó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìkówèépamọ́sí ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ìròyìn àwọn D.O., àwọn ajẹ́lẹ̀ oyìnbó, ti àwọn ọdún 1930 wà. Kí ó wo ojú ewé àkọ́kọ́, kó tó ka ìtàn ìlú kankan, kó wo àwọn olóyè tó jókòó ti oyìnbó lọ́jọ́ náà, àti ìdílé tí kò ní ẹnì kankan níbẹ̀.

Apá kan wà nínú ìròyìn ọ̀gá tí oníbàárà kì í fẹ́ kà: àwọn ibi tí wọ́n wá tí wọn kò rí nǹkan. Rẹ́jísítà ìsàmì ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, láti ọdún báyìí dé ọdún báyìí, ojú ewé mẹ́ta tí ikán ti jẹ, orúkọ náà ní ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n lè gbà kọ ọ́, kò sí. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, bó jẹ́ ogún ọdún sí i, kò ní padà sídìí rẹ́jísítà yẹn mọ́. Oníbàárà á kùn, á ní ṣé torí "kò sí" ni òun ṣe ń san gbogbo owó yìí, á sì san án.